Ìdajì Hóró

Ìdajì hóró ni dókítà ní kí n máa lò fún ọ̀sẹ̀ kan,
lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, lákòókò kan náà.
Mo fi ọ̀bẹ pín in lórí àwo.
Ìdajì ta, ó bọ́ sábẹ́ àpò ìrẹsì,
mo kúnlẹ̀, mo ń wá a bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ já,
èmi tí n kò kúnlẹ̀ gbàdúrà láti ọdún Àjíǹde.

Bébà tí wọ́n ká sínú páálí rẹ̀,
mo tú u, mo tún tú u, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìrọ̀rí:
ó lè mú èébì wá, ó lè lé oorun lọ,
èèyàn lè máa làágùn, ọwọ́ lè máa gbọ̀n.
Oògùn rèé àbí èpè?
Nọ́ọ̀sì Orímolóyè rẹ́rìn-ín lórí fóònù:
"Ohun tó ti ṣe ẹnikẹ́ni rí ni wọ́n kọ síbẹ̀.
Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni yóò kàn yín.
Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.
Bó bá ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pa ara yín lára,
ẹ pè mí, ìbáà jẹ́ òru.
Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń jà."

Ó jà.
Lọ́jọ́ kẹta mo ní kí ọlọ́kadà dúró lórí afárá Àlà,
mo bì sínú odò.
Ó ní, "Màámi, ẹ kú oríire. Ṣé ọkùnrin ni?"
Irun àárín orí mi ti ń funfun.
Mo ní ìbejì ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún, yíyán dé.
Kì í ṣe oorun o; ẹnu kàn ń ṣí
bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti yọ.
Mo ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀-orúkọ,
mo yán. Ìyìọlá yán níwájú,
ìlà àárín gbà á, wọ́n yán
títí dé ọ̀dọ̀ Akíndípẹ̀ tó fara ti ògiri.
Ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà.
Hẹ́dímásítà ń kọjá lọ,
ó rò pé orin la fẹ́ dá.

Òru ńkọ́? Mo sùn díẹ̀, mo lálàá
pé mò ń mààkì ìwé àbúrò mi tó ti kú.
Ó gba gbogbo ẹ̀.
Mo jí, bẹ́ẹ̀dì tutù fún òógùn, iná ti lọ.
Ọkọ mi, tó máa ń sọ pé
"obìnrin tó ń jẹun, tó ń gbowó oṣù, kí ló tún ń dùn ún?"
kò sọ nǹkan kan. Ó fi èèpo ìwé ìkọ́wèé fẹ́ mi
títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìdajì ti di odindi.
Mo dúró lẹ́nu sálágà pẹ̀lú páálí lọ́wọ́.
Mo rántí bí mo ti wà tẹ́lẹ̀:
kì í ṣe ẹkún. Ẹkún ìbá sàn.
Ó dà bíi pé wọ́n fi dọ́sítà nù mí kúrò lára bọ́ọ̀dù,
tí ìlà tó ṣẹ́kù kò ṣeé kà.
Mo dá páálí náà padà sínú agolo mílíìkì.

Lónìí, àwọn ọmọ jáde fún oúnjẹ ọ̀sán.
Òòrùn Àkúrẹ́ ń ta lórí páànù,
mo ra gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà.
Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, ẹ̀pà méjì bọ́,
adìyẹ ṣà á jẹ.
Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ díẹ̀.
Mo dúró. Mo tún tọ́ ọ wò.
Mi ò tíì sọ pé ara mi ti yá o.
Iyọ̀ ni mò ń sọ.